Ta Ni Ó Wà Nínú Fọ́tò Yìí? Ìtàn Àwòrán Ènìyàn ní Nàìjíríà àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwọn Olùkọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí wo ìtàn fọ́tò ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní agbègbè rẹ̀ láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di òní. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàrin fọ́tò tí wọ́n ń yà fún ojú àlejò àti fọ́tò tó jẹ́ àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé kò sí nínú irú kámẹ́rà tí wọ́n lò, kò sì sí nínú àwọ̀ ẹni tó dì í mú. Inú orúkọ ló wà. A yẹ iṣẹ́ Northcote Thomas, J. A. Green, àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún, S. O. Alonge, J. D. 'Okhai Ojeikere àti Pierre Fátúmbí Verger wò. A sì dá àbá lórí bí àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ṣe lè kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò àtijọ́ sílẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ wọ́n tó tán nílẹ̀.

Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Minna rí mọ àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n máa ń gbé ẹrù lé èjìká dípò orí. Igi ìdáná ni o, ìkòkò omi ni o, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Àwòrán yìí ti di ohun tí àlejò tó bá gbé kámẹ́rà wọ ìpínlẹ̀ Niger máa ń wá. Ó máa ń wà nínú kàléńdà, ó máa ń wà nínú ìwé ìpolówó ìrìn-àjò afẹ́, ó sì máa ń wà lára ògiri kíláàsì.

Ní àsìkò kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni, a jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé páálí ńlá kan kọ́ tó ní àwòrán àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Ó na ọ̀pá sí obìnrin kan tó gbé igi lé èjìká, ó ní, ‘Obìnrin Gbagyi nìyí.’ Ọmọ kan nawọ́, ó bèèrè pé ta ni. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tún un sọ pé obìnrin Gbagyi ni. Ọmọ náà ní òun mọ̀, Gbagyi ni ìyá òun náà. Ẹni tí obìnrin náà jẹ́ gan-an ni òun ń bèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò rí èsì fọ̀. Àwa tí a jókòó pẹ̀lú bíró láti fún un ní máàkì kò rí èsì fọ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè ọmọ yẹn ló bí iṣẹ́ yìí.

Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a lè fà á síbi tó bá wù wá, a sì lè fi í ṣe àpẹẹrẹ ohunkóhun. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàrin obìnrin orí páálí yẹn àti Ladi Kwali tó wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Ọmọ Gbagyi ni òun náà. Ìkòkò ni ó ń mọ. Ní 1954 ni ó wọ ibùdó ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, tó ti di Suleja báyìí. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1977. Ó kú ní 1984. Nígbà tí a bá rí fọ́tò rẹ̀, a kì í sọ pé ‘obìnrin Gbagyi kan nìyí’. Orúkọ rẹ̀ ni a ń dá. Ẹ̀yà kan náà ni òun àti obìnrin orí páálí, iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn méjèèjì ń ṣe, àmọ́ ọ̀kan ní ìtàn, èkejì kò ní.

Àwòrán tí àlejò fẹ́ rí

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní àwọn erékùṣù Polynesia tó wà láàrin agbami òkun Pacific, láti ìgbà tí Paul Gauguin, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gúnlẹ̀ sí Tahiti ní 1891, àwòrán kan náà ni wọ́n ń fi han ayé ṣáá: ọmọge tó fi òdòdó há irun, igi àgbọn, omi òkun tó mọ́ gaara. Olùkọ́, awakọ̀, nọ́ọ̀sì àti ọmọ iléèwé erékùṣù wọ̀nyẹn kò sí níbẹ̀. Ní ayé òde òní, àwọn ọmọ erékùṣù náà ti ń fúnra wọn fèsì. Edith Amituanai, ọmọ Samoa tí wọ́n bí ní New Zealand, máa ń ya àwọn ẹbí àti aládùúgbò tirẹ̀ nínú ilé wọn àti nínú pálọ̀ wọn. Kò wá ẹni tó jọ ohun tí àlejò ń retí. Àwọn tó mọ̀ ni ó yà.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọ́tò ti dé ọwọ́ ènìyàn dúdú tipẹ́. Ní 1839 ni wọ́n kéde ọgbọ́n fọ́tò yíyà ní Paris. Ní 1853, Augustus Washington, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, kó kámẹ́rà rẹ̀ wá sí Liberia, ó sì ń ya àwọn ará Monrovia. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, N. Walwin Holm, ọmọ Accra, ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Èkó. A mẹ́nu kan èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa gbà pé òyìnbó nìkan ló ń ya fọ́tò nígbà náà, àwa a sì máa dúró kí wọ́n yà wá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ èyí tó tàn kálẹ̀ jù ni káàdì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé láti ẹ̀yìn odi. Edmond Fortier, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi Dakar ṣe ibùjókòó, tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀ tí oríṣi rẹ̀ lé ní 3,000 kí ó tó kú ní 1928. Àkọlé abẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju orúkọ ẹ̀yà àti orúkọ ìlú lọ. Ẹni tó rà á ní Paris kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò ní bá ẹni tó wà nínú rẹ̀ pàdé láéláé.

Nọ́ńbà dípò orúkọ

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí ìtàn rẹ̀ kọ́ wa lọ́gbọ́n jù ni Northcote Thomas. Òun ni ìjọba amúnisìn gbà láti ṣèwádìí nípa àṣà àwọn ènìyàn gúúsù Nàìjíríà. Láàrin 1909 sí 1913, ó ṣiṣẹ́ láàrin àwọn Ẹ̀dó àti àwọn Ígbò, ó sì ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ojú ènìyàn nìkan: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ohun tó ń wá ni bí orí àti imú ẹ̀yà kan ṣe rí. Nígbà tí fọ́tò wọ̀nyí bá wọ inú ìwé, àpẹẹrẹ ẹ̀yà ni ẹni tó wà níbẹ̀ ń jẹ́.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí nǹkan tó yí padà. Láti 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Basu àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó àwọn fọ́tò náà padà lọ sí àwọn ìlú tí wọ́n ti yà wọ́n. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti rí ojú bàbá ńlá wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tó jẹ́ nọ́ńbà nínú àpótí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di bàbá ẹnìkan ní àgbàlá ilé rẹ̀. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé Thomas fúnra rẹ̀ kọ orúkọ púpọ̀ nínú àwọn tó yà sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà kò bá fọ́tò dé inú ìwé tó tẹ̀ jáde. Ìlà kan tí ó fi yẹ́ńkì kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ló gba ojú ènìyàn là.

Ẹ jẹ́ ká fi Jonathan Adagogo Green ṣe ìfiwéra. Bonny ni wọ́n ti bí i ní 1873, ó sì kú ní 1905 láìtíì ju ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Òun ló ya Ọba Ovonramwen ti Benin nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1897, nígbà tí wọ́n ń gbé ọba náà lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Àwọn sọ́jà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tó ró ló bo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ọba kọjú sí kámẹ́rà, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó lè rí fọ́tò yẹn kí ó pè é ní àpẹẹrẹ ẹ̀yà. Ọba ni, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ohun tó wá dùn wá níbẹ̀ ni ti orúkọ ayafọ́tò náà. ‘J. A. Green’ ni ó máa ń kọ sára iṣẹ́ rẹ̀, kò kọ Adagogo síta. Nítorí bẹ́ẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó rí iṣẹ́ rẹ̀ rò pé òyìnbó ni. Orúkọ ẹni tó yà á náà lè sọnù bí ti ẹni tí wọ́n yà.

Bí Yorùbá ṣe ń jókòó fún fọ́tò

Ní 1975, Stephen Sprague, ayafọ́tò àti olùkọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ibẹ̀. Ní 1978 ni ó tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts. Ohun tó rí ni pé àwọn onífọ́tò Ìlá kì í kàn ń fara wé òyìnbó. Wọ́n ní ìlànà tiwọn. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ ya fọ́tò á wọ aṣọ tó tó o wọ̀, á jókòó gbagidi, á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ á wà lórí itan, ẹsẹ̀ méjèèjì á hàn. Bí ó bá jẹ́ olóyè, àmì oyè rẹ̀ kò ní gbẹ́yìn. A kì í gé ẹsẹ̀ àgbà kúrò nínú fọ́tò. Ẹni tí a ń yà kì í ṣe ẹni tí a bá lójijì lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti múra ohun tó fẹ́ kí ayé rántí òun sí.

Àwọn onímọ̀ ti fi èyí wé ohun tí Yorùbá ń pè ní jíjọra nínú ère gbígbẹ́: kí ère jọ ẹni náà, àmọ́ kí ó má ṣe jọ ọ́ débi pé egbò ojú rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ rí. Ìwà àti ipò ló gbọ́dọ̀ hàn.

Sprague tún rí bí fọ́tò ṣe wọ inú àṣà ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú láì ya fọ́tò pẹ̀lú èkejì rẹ̀, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ kan náà á wọ aṣọ ọkùnrin, á tún wọ aṣọ obìnrin. Fọ́tò yìí á wá dúró ní ipò ère ìbejì. Kò sí irú èyí nínú ìwé tó wá pẹ̀lú kámẹ́rà. Àwọn onífọ́tò ìlú ló dá a sílẹ̀, nítorí pé Táyéwò kò gbọ́dọ̀ wà kí Kẹ́hìndé má sí.

A ó fi tiwa kún un. Ẹ wo kàléńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ti ìjọ. Fọ́tò kéékèèké ló kún inú rẹ̀, abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni orúkọ àti ipò wà: Alága, Akọ̀wé, Akápò, Ìyálóde. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ ẹnìkan kọ, ìpàdé tó ń bọ̀ kò ní rọgbọ. Àwọn olùṣèwádìí kì í sábà ka kàléńdà báyìí sí nǹkan kan, àmọ́ àkọsílẹ̀ ìtàn gidi ni. Ohun tí páálí kíláàsì ṣe sí obìnrin Gbagyi yẹn, ẹgbẹ́ kankan kò jẹ́ gbà kí wọ́n ṣe é sí Akápò rẹ̀.

Alonge àti Ojeikere

Solomon Osagie Alonge, tí wọ́n bí ní 1911, ṣí ṣọ́ọ̀bù tó pè ní Ideal Photo Studio ní ìlú Benin ní 1942. Òun ni ó ń ya fọ́tò fún ààfin Ọba, síbẹ̀ oníṣòwò, akọ̀wé, ìyàwó tuntun àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wá jókòó níwájú rẹ̀. Ó fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣe iṣẹ́ yìí kí ó tó kú ní 1994. Ní 2014, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian fún iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣàfihàn ní Amẹ́ríkà yìí, fọ́tò orí tábìlì àti ara ògiri àwọn ará Benin ni tẹ́lẹ̀.

J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó gbé ayé láti 1930 sí 2014, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1954 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìròyìn ní Ìbàdàn. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, tí fọ́tò irun náà sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún. Onílé gogoro wà níbẹ̀, àbẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ irun tí kò sí mọ́ ṣì ní orúkọ. Gbogbo ayé ló kan sáárá sí i, títí dé àfihàn Venice ní 2013.

Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ bi ara wa ní ìbéèrè ọmọ Minna yẹn. Ẹ̀yìn orí ni Ojeikere sábà máa ń yà. Irun ló ní orúkọ, obìnrin tó ru ú kò ní. A kò sọ èyí láti bu iṣẹ́ ńlá rẹ̀ kù, nítorí irun ni ó fẹ́ gbà là, ó sì gbà á là. A sọ ọ́ kí ó lè yé wa pé ọmọ ilẹ̀ ẹni pàápàá lè ya ènìyàn kí orúkọ má sí. Jíjẹ́ ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó.

Láti Tahiti dé Kétu

Ẹni tó so àwọn erékùṣù Pacific pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni Pierre Verger. Paris ni wọ́n ti bí i ní 1902. Ní 1932 ni ó kọ́ fọ́tò yíyà, kò sì pẹ́ tó fi wọ ọkọ̀ lọ sí Polynesia, níbi tó ti lo oṣù púpọ̀ tó ń ya àwọn ará Tahiti àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀. Àlejò ni nígbà náà. Ó dé, ó yà wọ́n, ó sì kọjá lọ.

Ní 1946 ó dé Bahia ní Brazil, ó bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń sin òrìṣà níbẹ̀. Láti 1948 ni ó ti ń lọ, tó ń bọ̀ láàrin Brazil àti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, àti Nàìjíríà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kàn kọjá lọ. Ó ń kó fọ́tò àwọn ará Bahia wá fún àwọn ará ilé níhìn-ín, ó sì ń kó ti ilé lọ fún wọn. Ní 1952, òun ló mú ìwé Aláàfin Ọ̀yọ́ dé Bahia, èyí tó fi ìyá òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Mãe Senhora jẹ oyè Ìyá Nàsó. Ní Kétu ni ó ti di babaláwo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí: Ifá tún un bí. Nígbà tó kú ní 1996, fọ́tò tó fi sílẹ̀ lé ní 60,000.

Kámẹ́rà rẹ̀ ní Tahiti àti ní Kétu kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní Kétu, àwọn tó ń yà mọ orúkọ rẹ̀, òun náà sì mọ tiwọn. Fọ́tò tó bá gbọ́dọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè jẹ́ irú èyí tí a yà fún àlejò.

Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa

Fọ́tò kan wà ní ilé bàbá wa. Obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ìyá bàbá wa jókòó láàrin, ìyá wa dúró lápá ọ̀tún, wọn kò tíì bí àkọ́bí wọn, obìnrin kẹta sì di ọwọ́ ìyá wa mú. Òǹtẹ̀ onífọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ kò sí. A bi bàbá wa, wọ́n ní ìyá wa ló mọ̀ ọ́n. A ní tí a bá wálé ọdún a ó bèèrè. Ọdún dé, àlejò pọ̀, a kò bèèrè. Ìyá wa ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Ẹni tó di ọwọ́ wọn mú pẹ́kípẹ́kí báyẹn, bóyá ọ̀rẹ́ ni, bóyá ẹbí ni, ó ti di ‘obìnrin Yorùbá kan’ nínú ilé tiwa. Kò sí òyìnbó tó ṣe é. Àwa la ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìdílé onífọ́tò àtijọ́ kan tí a lọ bẹ̀ wò. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé àwọn ti dáná sun àwọn àpótí nẹ́gẹ́tíìfù nígbà tí àwọn ń tún ilé kùn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìtàn ìlú ló wà nínú àpótí. Ní báyìí tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, fọ́tò pọ̀ ju ti ìgbàkigbà rí lọ, orúkọ ni kò pọ̀.

Àbá

1. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa má ṣe gbé àwòrán ènìyàn wọ kíláàsì láì lè sọ ẹni tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti yà á, ìgbà tí wọ́n yà á, àti ẹni tó yà á. Bí wọn kò bá mọ̀, kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ pé wọn kò mọ̀, kí wọ́n sì jọ wá a.

2. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò àtijọ́ kan láti ilé wọn, kí ó jókòó ti àgbà kan, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀, ìbáà ṣe Gbagyi, Nupe, Haúsá, Ígbò tàbí Yorùbá. Pẹ́ńsù ni kí ó fi kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, nítorí yẹ́ńkì bíró máa ń ràn wọ iwájú.

3. Kí ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa máa gba nẹ́gẹ́tíìfù àti ìwé ìṣirò lọ́wọ́ ìdílé àwọn onífọ́tò ìlú, kí wọ́n fi wọ́n sínú àpò bébà níbi tí kò ní ọ̀rinrin.

4. Kí a máa gba ìyọ̀ǹda. Àwọn kan wà, pàápàá àwọn obìnrin inú ẹ̀há, tí wọn kò fẹ́ kí ojú tàbí orúkọ wọn jáde. Ẹni tó ní orúkọ ló ní ẹ̀tọ́ láti fi í pamọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Fọ́tò kò lè fúnra rẹ̀ rọ́ nǹkan kan fún ọmọdé. Ẹni tó mọ ẹni inú rẹ̀ ló ń rọ́ ọ. A ti rí i pé àlejò yà wá láìsí orúkọ, pé ọmọ ilẹ̀ wa náà yà wá láìsí orúkọ, àti pé àwọn onífọ́tò Ìlá àti ẹgbẹ́ oníkàléńdà ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí àwa tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ iléèwé tó bi wá léèrè pé ta ni obìnrin orí páálí kò tíì gba èsì. Ẹ̀yin aṣojú tí ẹ péjọ síbí, nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ gbé fọ́tò orí ògiri wálẹ̀, kí ẹ yí i padà. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, tí ìyá tàbí bàbá yín sì wà láàyè, ẹ bi wọ́n lónìí.